Lẹ́tà Mẹ́tàlá fún Àwẹ̀ró

Nínú ilé Ọyèníran ní Tchaourou, bí wọ́n bá fẹ́ bú ọmọbìnrin kí èébú náà wọ̀ ọ́ lára, wọn kì í pè é ní ọ̀lẹ, wọn kì í pè é ní olè. Àwẹ̀ró ni wọ́n ń pè é. Èyí tó bá pẹ́ lóde, Àwẹ̀ró. Èyí tó bá kọ ọkọ, Àwẹ̀ró. Kódà ọmọ ọdún mẹ́fà tó bá da omi nù lójú ọ̀nà ẹ̀rọ omi yóò gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Gbogbo wọn ló mọ ìtàn tó wà nídìí orúkọ náà. Josaya Ọyèníran, baba ńlá wọn, fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ ní Ṣábẹ̀, ó sì lọ kọ́ṣẹ́ pákó lílà àti ìwé kíkà ní Èkó láyé ọbabìnrin Fìktóríà. Àwẹ̀ró lorúkọ ìyàwó náà. Kí Josaya tó padà dé, obìnrin yìí ti wọlé tọ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó sì ti bímọ fún un. Wọ́n lé e jáde tọmọtọmọ. Josaya ṣí kúrò ní Ṣábẹ̀, ó wá tẹ̀dó sí Tchaourou, ó fẹ́ Màríà, ọmọ ìjọ, Màríà sì bí gbogbo ilé. Ibẹ̀ ni ìtàn náà máa ń parí sí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, wọ́n pe Ìyábọ̀ ní Àwẹ̀ró lójú ìpàdé ẹbí.

Ìyábọ̀ ti lé ní ogójì ọdún. Ó ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkópì kan létí títì ọlọ́dà tó lọ sí Parakou, ibẹ̀ ni àwọn tó ń wá ìwé-ẹ̀rí ìbí ní mérì, ilé ìjọba ìbílẹ̀, ti ń ya àwòkọ ìwé wọn. Ọkọ rẹ̀ ti lọ sí Libreville láti ọdún mẹ́jọ. Ó ti fẹ́ ìyàwó sọ́hùn-ún, ó ti bí ọmọ méjì, kò sì sí ẹni tí kò tíì rí fọ́tò wọn lórí tẹlifóònù. Karimou, tó ń ta táyà àti ṣéènì alùpùpù lódìkejì ọ̀nà, ti sọ fún Ìyábọ̀ pé òun fẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tó fi lọ bá ẹbí, tó kúnlẹ̀, tó ní kí wọ́n bá òun lọ sọ fún àwọn àna òun pé ọ̀rọ̀ òun àti ọkọ òun ti tán.

Tonton Adéwálé, àbúrò bàbá rẹ̀, ni olórí ẹbí. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó tún jẹ́ alàgbà nínú ìjọ, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè. Ó wo Ìyábọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀.

"Obìnrin ilé yìí máa ń dúró de ọkọ," ó ní. "A ti ní Àwẹ̀ró kan rí. Bọ̀n, a ò wá ìkejì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Tata Dọ́káàsì, àgbàlagbà jùlọ nínú àwọn obìnrin ilé, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló dun Ìyábọ̀ ju ọ̀rọ̀ náà lọ. Ó dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó gbọn yẹ̀tùrù kúrò lórúnkún rẹ̀, ó sì jáde.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí Tonton fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọkùnrin kan gbé àpótí irin tẹ̀lé e, àpótí àtijọ́ tí ọ̀dà ti ṣí lára rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ẹbí fẹ́ fi símẹ́ńtì tún ibojì Josaya ṣe nígbà Àjíǹde, wọ́n sì fẹ́ tẹ ìwé kékeré kan tí yóò sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Ìwé ìrántí ojoojúmọ́ tí Josaya kọ wà nínú àpótí náà. Yorùbá àtijọ́ ni ó fi kọ ọ́, kò sì sí ẹni tó lè kà á bí Ìyábọ̀, tó ń ka Bíbélì fún ìjọ láti ìgbà tó ti wà ní ọmọdébìnrin.

"Kọ èyí tó bá dára sórí kọ̀ǹpútà fún wa," Tonton sọ. "Ọ̀rọ̀ ìpàdé ọjọ́ yẹn, ó ti kọjá, kwá. Àárín ẹbí náà ni."

Tonton ṣí ìwé náà, ó fi ibì kan hàn án lápá ìparí, níbi tí wọ́n ti fi òwú dúdú rán ojú ewé bíi mélòó kan pọ̀ yípo, bí ẹni rán etí ìrọ̀rí.

"Ibi tí wọ́n rán yìí, má tú u o. Bàbá mi ló rán an."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ igi pákó ni. Kò wúlò fún ẹnikẹ́ni."

Ìyábọ̀ fẹ́ dá àpótí náà padà. Ó gbé e sábẹ́ tábìlì fún ọjọ́ mẹ́ta, kò wò ó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kẹrin, iná lọ láàárọ̀, ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́, àwọn oníbàárà sì tú ká. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó sì ṣí ìwé náà.

Ó rò pé àdúrà àti ìwàásù lòun yóò bá. Ènìyàn ló bá. Josaya kọ̀wé nípa eyín tó ń dùn ún. Ó kọ̀wé nípa kòtò ayùn ní Èkó, níbi tí ọkùnrin kan ti ń dúró lókè igi, tí òun sì ń dúró nísàlẹ̀, tí ìyẹ̀fun pákó ń bọ́ sí òun lójú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó kọ̀wé nípa tíṣà tó ń fi ẹgba kọ́ àwọn àgbàlagbà ní a-b-d. Ṣùgbọ́n orúkọ tó pọ̀ jùlọ nínú ìwé náà, tó pọ̀ ju ti Olúwa lọ, ni Àwẹ̀ró. "Mo rí obìnrin kan li ọjà tí ó nrìn bí Àwẹ̀ró." "Òjò rọ̀, mo ranti orule Àwẹ̀ró tí njò, èmi kò tún un ṣe kí ntó lọ." Àti lóòrèkóòrè: "Mo kọ ìwé sí Àwẹ̀ró loni, èyí li ìkẹta." Ìkẹrin. Ìkeje. Ní ọdún 1890, ó kọ ọ́ pé: "Èyí li ìkẹtàlá. Kò sí èsì."

Ìyábọ̀ gbé ojú sókè. Nínú gbogbo ìtàn tí wọ́n ti sọ fún un láti kékeré, kò sí ẹni tó dárúkọ lẹ́tà rí. Ọkùnrin kan kọ lẹ́tà mẹ́tàlá sí ìyàwó rẹ̀. Níbo ni wọ́n wà?

Ó dìde, ó tú àpótí náà dé ìsàlẹ̀. Ó kó ìwé orin méjì jáde, ó kó aṣọ kan tí kòkòrò ti jẹ, ó kó àwọn àwòrán àwọn bàbá onífìlà. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀ ni ó ti bá awọ ewúrẹ́ kan tó ti gan, tí wọ́n fi okùn dì. Ó tú okùn náà. Lẹ́tà ni. Ó ka iye wọn lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Mẹ́tàlá. Wọ́n ṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan po, wọ́n sì fi ìda pupa lẹ ẹnu rẹ̀, ojú àtàǹpàkò sì wà lára ìda náà. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: "Fún Àwẹ̀ró aya mi, ní Ṣábẹ̀. Kí Tọ́máàsì tí ó mọ ìwé kà á fún un."

Ìda náà kò fọ́. Ó yẹ gbogbo wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan lójú oòrùn. Kò sí ọ̀kan tí wọ́n ṣí rí. Ìwé ni Ìyábọ̀ ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, ó sì mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀ yìí: ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ni ín kò gbọ́.

Ó mú abẹ, ó rọra la àkọ́kọ́.

"Àwẹ̀ró aya mi, mo kí ọ púpọ̀púpọ̀. Èmi kò kú, èmi kò sì ṣàìsàn. Mo ti mọ̀ bí a ti nkọ orúkọ rẹ. Òun ni mo kọ́kọ́ kọ́, kí ntó kọ́ ti ara mi. Àwọn oníṣòwò obì li ó nmú ìwé yìí bọ̀, nwọn yóò fi í lé ẹ̀gbọ́n mi Ògúnlékè lọ́wọ́, òun yóò sì fi í fún ọ."

Nínú ti ìkẹjọ, ó sọ pé wọ́n ṣe Júbílì ọbabìnrin ní Èkó, wọ́n tan iná sí gbogbo etí ọ̀sà, òun sì ra aṣọ kan fún un tí òun ń tọ́jú sínú àpótí. Ó ní òun ìbá ti wá, ṣùgbọ́n ogun Ìdàhọ̀mì ti gba ọ̀nà, bí òun bá bọ́ sí i, wọn yóò mú òun. Ìkẹtàlá ló kúrú jùlọ.

"Mo ti kọ méjìlá, èmi kò rí èsì kan. Èmi kò bá ọ wí. Bí ó bá ti rẹ̀ ọ́ láti dúró, bí ọkùnrin rere kan bá wà nítòsí, sọ fún Tọ́máàsì kí ó kọ ọ́ sí mi. Èmi kì yóò bínú. Jẹ́ kí ngbọ́ ohùn rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣá."

Ìyábọ̀ kà á tán. Ọkùnrin náà ti yọ̀ǹda rẹ̀! Láti ọdún 1890 ló ti fi ẹnu ara rẹ̀ yọ̀ǹda rẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ṣì ń fi orúkọ rẹ̀ bú ọmọ ọlọ́mọ títí di òní. Kò tún rò ó lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Ó ki abẹ bọ abẹ́ òwú dúdú inú ìwé ìrántí náà, ó já a láti òkè délẹ̀.

Kò sí ọ̀rọ̀ igi pákó kankan níbẹ̀.

"1893. Mo dé Ṣábẹ̀ li ọjọ́ Ẹtì. Mo bá Àwẹ̀ró pẹ̀lú ọmọ li ẹ̀hìn. Bí ó ti rí mi, ó ṣubú lulẹ̀, ó nké pé òkú dé. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún un pé ìgbóná pa mí li Èkó, ó sì ṣú u li opó.

"Mo lọ bá Tọ́máàsì. Ó ní, ọjọ́ ọjà gbogbo li aya rẹ nwá sọ́dọ̀ mi, tí ó nbi mí bí ìwé dé fún òun. Lẹ́hìn tí nwọ́n sọ fún un pé o kú, ó ṣì nwá. Ó ní ó lè jẹ́ pé o kọ ọ́ kí o tó kú.

"Mo tú àká ẹ̀gbọ́n mi. Mo bá ìwé mi gbogbo nínú awọ ewúrẹ́. A kò ṣí ọ̀kan.

"Àwọn àgbà jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀gbọ́n mi búra pé obìnrin náà li ó wọlé tọ òun wá. Àwẹ̀ró kò bá a jiyàn. Èmi li ó nwò. Èmi kò sọ̀rọ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ilé wa yóò tú, ojú yóò sì ti ẹ̀gbọ́n mi títí ayé. Nwọ́n lé e jáde. Ó bá àwọn oníṣòwò obì lọ sí ìhà Alafiarou pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Olúwa, má ṣe kà á sí mi lọ́rùn."

Kì í ṣe Ògúnlékè ló bí Ìyábọ̀ nínú jù. Òpùrọ́ ni Ògúnlékè, òpùrọ́ sì wà níbi gbogbo. Josaya ni. Josaya tó kọ́ orúkọ ìyàwó rẹ̀ ṣáájú tirẹ̀, tó rántí òrùlé tó ń jò, tí lẹ́tà mẹ́tàlá wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹ̀rí, ló jókòó níbẹ̀ tó pa ẹnu mọ́. Ojú ilé ló ń bò, ó sì fi obìnrin náà bò ó.

Ó ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé Tonton Adéwálé. Tonton ń jẹun lábẹ́ igi máńgòrò. Ìyábọ̀ kò kí i.

"Tonton, ẹ mọ ohun tó wà níbi tí wọ́n rán."

Tonton gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó wo ojú rẹ̀, ó sì rí i pé irọ́ kò ní ṣiṣẹ́.

"O tú u."

"Ẹ mọ̀ ọ́n."

"Bàbá mi sọ fún mi kó tó kú. Bàbá tirẹ̀ ló sọ fún òun náà. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń mọ̀ ọ́n ní ìran kọ̀ọ̀kan. Báyìí la ṣe ń tọ́jú ilé."

"Ẹ mọ̀ pé wọn ò ṣẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀ṣẹ̀ kékeré, ẹ mọ̀ pé kò ṣe nǹkan kan, ẹ sì la ẹnu yín lójú gbogbo ẹbí, ẹ pè mí ní Àwẹ̀ró?"

"Orúkọ lásán ni, Ìyábọ̀. Gbogbo ilé ló ní èébú tiwọn."

"Lásán kọ́!" Ohùn rẹ̀ lọ sókè débi pé àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà dúró. "Ẹ fi dẹ́rù ba ìyá mi títí ó fi kú. Ẹ fi dẹ́rù ba gbogbo wa. Obìnrin tó ń lọ sọ́jà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti béèrè ìwé òkú ọkọ rẹ̀, òun lẹ sọ di aṣẹ́wó!"

Tonton nu ọwọ́ rẹ̀. Ohùn tirẹ̀ kò lọ sókè síbẹ̀. "Bíríkìlà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi ibojì. Olùṣọ́àgùntàn yóò wá, ènìyàn yóò ti Cotonou wá. Ṣé kí n dìde lọ́jọ́ náà, kí n sọ pé òǹrorò ni ẹni tí a wá yẹ́ sí? Dá àpótí mi padà kí ilẹ̀ tó ṣú."

"Mi ò dá a padà."

Ó padà sí ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí iná dé, ó ya àwọn ojú ewé tí wọ́n rán pọ̀ àti lẹ́tà kẹtàlá, ìdì ọgọ́ta. Ẹ̀rọ náà gbóná, ó ń rùn, ó sì ń yà á lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, ẹbí jókòó láti pín ìnáwó ibojì. Ìyábọ̀ wọlé, ó ń pín ìwé láti ìjókòó dé ìjókòó, bí ẹni tó ń pín ìwé ìkéde ìsìnkú. Tonton já tirẹ̀ gbà, ó fà á ya sí méjì, ó fà á ya sí mẹ́rin.

"Ẹ máa fà á ya," Ìyábọ̀ sọ. "Ẹ̀rọ mi wà níbẹ̀, màá ya òmíràn."

Àwọn ọ̀dọ́ kò lè ka Yorùbá náà dáadáa, wọ́n ń wo ara wọn. Tata Dọ́káàsì na tirẹ̀ sókè. "Ojú mi ò gbé e. Ka ohun tó wà níbẹ̀ fún mi."

"Kò ní ka nǹkan kan," ni Tonton wí.

"Adéwálé, èmi ni mo pọ̀n ọ́," Tata dáhùn. "Ìyábọ̀, kà á."

Ìyábọ̀ kà á. Kò kánjú. Nígbà tó dé ibi tí Tọ́máàsì ti sọ pé obìnrin náà ṣì ń wá lẹ́yìn tí wọ́n sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ kú, Tata ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló kà á dé òpin.

"Ọmọ mi Rútù," Tata sọ. Kì í ṣe Ìyábọ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀, Tonton ló kọjú sí. "Nígbà tó kó kúrò nílé ọkọ, tó padà sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú egbò lórí, èmi ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, Àwẹ̀ró ò gbọdọ̀ sùn nílé mi. Ó yí padà. Ọdún mọ́kàndínlógún nìyẹn. Mi ò mọ ìlú tó wà." Ó dìde pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. "O sì mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn. O jókòó sí pálọ̀ mi lọ́jọ́ yẹn, o ń mu kọfí mi, o mọ̀ ọ́n!"

Ó sọ ọ̀pá náà lu Tonton. Ó bà á léjìká. Àwọn ọkùnrin dìde láti dì í mú, àwọn obìnrin dìde láti dí àwọn ọkùnrin lọ́nà, ìpàdé sì tú. Wọn ò pín ìnáwó kankan lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn, Tata Dọ́káàsì fúnra rẹ̀ ló mú Ìyábọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀. Kò bẹ̀ wọ́n. Ó ní, "Ọmọ yín ti fẹ́ ìyàwó sí Libreville, ọmọ tiwa náà ti rí ọkọ. A wá sọ fún yín ni, a ò wá gba àṣẹ." Wọ́n gbà.

Ó yẹ kí ara tu Ìyábọ̀. Kò tù ú. Gbogbo ìgbà tó bá rí àwọn lẹ́tà yẹn lórí tábìlì, ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn wọn ló ń kà: fún Àwẹ̀ró aya mi. Ẹnì kankan kò tíì fi jíṣẹ́. Ó di gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá sínú àpamọ́wọ́ kan, ó gun sémì, ó ní kí ọlọ́kadà náà gbé òun lọ sí Alafiarou.

Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku pupa sì bo ewé kajú lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tó débẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè láti agbo ilé dé agbo ilé: ẹbí wo ni ìyá ńlá wọn ti Ṣábẹ̀ wá, láyé ogun, pẹ̀lú ọmọkùnrin kan lẹ́yìn? Ìgbà tó máa di ẹ̀ẹ̀karùn-ún tó béèrè, obìnrin kan tó ń sá gààrí nawọ́ sí òpin abúlé. "Ilé Alfa Bachirou lẹ ń wí."

Alfa Bachirou jẹ́ ọkùnrin tó gùn, tó ti ń sún mọ́ àádọ́rin. Ó ní kí wọ́n gbé ẹní fún àlejò. Ìyá rẹ̀, Màmá Habibath, jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ojú rẹ̀ ti di, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ là ketekete. Ìyábọ̀ béèrè orúkọ ìyá ńlá wọn.

"A ò mọ orúkọ tó mú wá," Alfa sọ. "Ìyá Oníwàláà là ń pè é."

"Kí ló fà á?"

Màmá Habibath ló dáhùn. "Nítorí pé ó dé ibí, ọmọ rẹ̀ ò tíì lè sáré dáadáa, ó ti gbé e lọ sílé-kéwú, òun ló ń bá a gbé wàláà, pátákó tí wọ́n fi ń kọ́ kéwú. Ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí wọn yóò fi parí. Ó ní òun ò tún ní bẹ ẹlòmíràn kó bá òun kàwé mọ́ láyé. Láti orí ọmọ yẹn ni ilé wa ti di ilé alfa. Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni."

Ìyábọ̀ sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò fi èébú inú ilé wọn pamọ́, kò sì gbèjà Josaya. Bí ó ti ń sọ ọ́ ni ojú Alfa Bachirou ń le sí i.

"Àádóje ọdún," Alfa sọ nígbà tó parí. "Ẹ̀yin ń fi orúkọ ìyá wa bú ọmọ yín fún àádóje ọdún, a ò sì ju ìrìn wákàtí díẹ̀ síra wa lọ. Kí lẹ wá wá báyìí? Kí a dárí jì yín kí ara lè tù yín?"

"Rárá," ni Ìyábọ̀ wí. "Inú ń bí èmi náà. Mo gbé ohun tó jẹ́ tiyín wá ni."

Ó kó àwọn lẹ́tà náà jáde. Alfa fẹ́ gbà wọ́n, ṣùgbọ́n Màmá Habibath gbé ọwọ́ sókè. "Kí ó kà wọ́n ná. Sókè. Gbogbo ilé kó wá gbọ́."

Ìyábọ̀ kà wọ́n láti ọ̀sán títí di ìgbà ìrun àsárì. Àwọn obìnrin kúrò nídìí gààrí, àwọn ọkùnrin jókòó sórí gbòǹgbò igi. Ṣùgbọ́n Màmá Habibath kò dákẹ́ bí àwọn yòókù. Ó ń bá lẹ́tà jà. Nígbà tí Josaya ní ìyẹ̀fun pákó ń bọ́ sí òun lójú, ó ní, "Ó tọ́ sí ọ." Nígbà tó dé ọ̀rọ̀ aṣọ inú àpótí, ó kígbe pé, "Aṣọ! Ṣé aṣọ ló béèrè lọ́wọ́ rẹ? Ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́, ṣé ó dá ni?" Nígbà tí ó ní ogun ni kò jẹ́ kí òun wá, ó pòṣé. "Àwọn olóbì rí ọ̀nà gbà. Ìwọ nìkan ni ogun rí."

Ní ìkẹtàlá, kò sọ̀rọ̀. Ìyábọ̀ kà á dé òpin, ó sì ṣẹ́ ẹ po.

"Jẹ́ kí ngbọ́ ohùn rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣá," arúgbó náà tún un sọ, díẹ̀díẹ̀. "Ó gbọ́ ọ. Ìyá wa wà níwájú rẹ̀, ó ń wò ó, ọkùnrin náà sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan." Ó na ọwọ́ méjèèjì. "Kó wọn fún mi. Wọn ò ní padà sí ilé ọkùnrin yẹn."

Ìyábọ̀ kó gbogbo wọn lé e lọ́wọ́, pẹ̀lú ìda pupa tó ti là. Àwòkọ nìkan ló kù sí i lápò.

Nígbà tó ń padà lọ, tẹlifóònù rẹ̀ dún. Ó ní kí ọlọ́kadà dúró. Tonton ni. Ó ní òkúta ibojì ti dé láti Parakou, ẹni tí yóò kọ nǹkan sí i ń dúró, òun fẹ́ àpótí òun àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Àpótí wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ rán ẹnì kan," Ìyábọ̀ dáhùn. "Lẹ́tà ò sí nínú rẹ̀. Mo ti kó wọn fún àwọn ọmọ Àwẹ̀ró."

"Ọmọ ta ni? Ìwọ ọmọ yìí, ta ló fún ọ láṣẹ?"

"Josaya ló kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀yìn wọn, Tonton. Ẹ lọ bi í."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Ìyábọ̀ gbọ́ tí ohùn àbúrò bàbá rẹ̀ lọ sókè. Ó jẹ́ kó pariwo tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn, kó tó pa tẹlifóònù náà.

Wọ́n ṣí aṣọ lójú ibojì náà nígbà Àjíǹde bí wọ́n ti pinnu. Ìdajì ẹbí kò lọ, Tata Dọ́káàsì sì wà nínú àwọn tí kò lọ. Ó ti rán ènìyàn mẹ́ta sí Cotonou kí wọ́n bá òun wá Rútù. Ìwé tí Tonton tẹ̀ jẹ́ ojú ewé mẹ́jọ. Ìyábọ̀ kà á tán lórí ìdúró, nínú ṣọ́ọ̀bù Karimou. Ó kún fún pákó àti àdúrà. Kò sí Àwẹ̀ró nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ èébú, ì báà jẹ́ òtítọ́, bí ẹni pé Josaya kò ní ìyàwó rí kó tó pàdé Màríà.

Ó mú bíírò. Lójú ewé kìíní, níbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé Josaya fi ilé sílẹ̀ lọ sí Èkó, ó kọ orúkọ Àwẹ̀ró síbẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, ó tẹ bíírò náà mọ́ ọn débi pé ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìyókù sí etí ìwé.